Yíyan ohun èlò ọdẹ àti ìbọn àkọ́kọ́ fún ọmọdé ní Amẹ́ríkà

Yíyan ohun èlò ọdẹ àti ìbọn àkọ́kọ́ fún ọmọdé jẹ́ ìpinnu tí ọ̀pọ̀ òbí máa ń ṣe ní ìgbèríko Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí iṣẹ́ ọdẹ ti jẹ́ àṣà ìdílé, eré ìdárayá àti ọ̀nà kan láti rí ẹran jẹ. Ìpinnu náà kan ọjọ́ orí àti ìwà ọmọ, òfin ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀, aṣọ àti ohun ìdáàbòbò ara, gígùn ìbọn àti bí ó ti wúwo tó, àti ibi tí wọn yóò tì í pa mọ́ nígbà tí ọdẹ bá parí. Ìbọn ni ọmọ máa ń kọ́kọ́ béèrè, ṣùgbọ́n òun ni àwọn olùkọ́ ọdẹ máa ń fi sí ìkẹyìn. Ìbọn tí àwọn ènìyàn ń pè ní "ìbọn ọmọ" kì í sì í ṣe ti ọmọ ní tòótọ́: àgbàlagbà ni ó rà á, ọ̀dọ̀ àgbàlagbà ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, òun náà ni yóò sì dáhùn bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀.

Ìtàn

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni ó ń kọ́ ìbọn yíyìn lọ́dọ̀ bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n wọn, láìsí ilé ẹ̀kọ́ kankan fún un. Ehoro, ọ̀kẹ́rẹ́ àti ẹyẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń pa. Ìlú Plymouth ní ìpínlẹ̀ Michigan ni ilé iṣẹ́ kan tí ń ṣe ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ fi ń fa omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìbọn aláfẹ́fẹ́ ní ìgbẹ̀yìn àwọn ọdún 1880. Ìbọn náà tà ju ẹ̀rọ wọn lọ, nítorí náà ní ọdún 1895 wọ́n yí orúkọ ilé iṣẹ́ wọn padà sí Daisy Manufacturing Company. Ìbọn aláfẹ́fẹ́ Daisy di ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ilẹ̀ náà kọ́kọ́ fi kọ́ bí a ti ń wo ibi tí a fẹ́ ta sí. Ní ọdún 1887 ni ọta .22 Long Rifle jáde. Ó kéré, owó rẹ̀ kò pọ̀, kì í sì í ta ẹni tí ó yìn ín nípàá. Títí di òní, òun ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn kan tí àwọn olùkọ́ ọdẹ lè fi kọ́ òbí ni ti Theodore Roosevelt, ẹni tí ó di ààrẹ Amẹ́ríkà ní ọdún 1901. Ó sọ nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀ pé nígbà tí òun tó bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni òun gba ìbọn òun àkọ́kọ́. Ó yà á lẹ́nu pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń rí ohun tí wọ́n ń yìnbọn sí, òun kò sì rí nǹkan kan. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n ra awò ojú fún un, ìgbà náà ni ó tó mọ bí ayé ti rí. Ìbọn ti dé ọwọ́ ọmọ náà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà.

Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 1937, Ààrẹ Franklin D. Roosevelt bu ọwọ́ lu òfin tí a mọ̀ sí Pittman-Robertson, tí a fi orúkọ àwọn aṣòfin méjì tí wọ́n gbé e kalẹ̀ pè. Òfin yìí ya owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ìbọn ọdẹ àti ọta sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ẹranko ìgbẹ́. Ní ọdún 1970 ni wọ́n tún un ṣe kí apá kan owó náà lè máa bójú tó ẹ̀kọ́ ààbò fún àwọn ọdẹ. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ìpínlẹ̀ New York ti sọ ẹ̀kọ́ náà di dandan fún àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ láti ọdún 1949. Lónìí, gbogbo ìpínlẹ̀ ni ó ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Òfin

Òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ṣe ní ọdún 1968 kò jẹ́ kí oníṣòwò ìbọn tí ó ní ìwé àṣẹ ta ìbọn gígùn fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18, tàbí ìbọn ìléwọ́ fún ẹni tí kò tíì pé 21. Láti ọdún 1994, òfin mìíràn kò fi àyè gba ẹni tí kò tíì pé 18 láti ní ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́, àfi fún àwọn ìdí díẹ̀ bí iṣẹ́ oko, ìdánrawò àti ọdẹ, pẹ̀lú ìwé àṣẹ òbí. Nítorí náà, ọmọ kì í ra ìbọn. Òbí tàbí alágbàtọ́ ni ó ń rà á, tí ó sì ń jẹ́ kí ọmọ lò ó lójú rẹ̀.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń sọ ọjọ́ orí tí ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ ọdẹ. Ní New York, ọmọ ọdún 12 ni ó lè gba ìwé àṣẹ ọdẹ ọmọdé. Ní Texas, òfin kò dárúkọ ọjọ́ orí tí ó kéré jù, ṣùgbọ́n ọmọ gbọ́dọ̀ pé ọdún mẹ́sàn-án kí ó tó lè gba ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ ọdẹ, ẹni tí kò sì tíì pé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú àgbàlagbà. Wisconsin yọ ọjọ́ orí tí ó kéré jù kúrò nínú òfin ọdẹ abẹ́ olùtọ́nà rẹ̀ ní ọdún 2017.

Láti ọdún 2004 ni àwọn ẹgbẹ́ ọdẹ àti àwọn tí ń ṣe ìbọn ti ń rọ àwọn ìpínlẹ̀ láti gba ọmọ láàyè kí ó tẹ̀ lé àgbàlagbà lọ sí ìgbẹ́ kí ó tó ṣe ẹ̀kọ́ náà tán. Pennsylvania gba irú ètò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2006 fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé 12. Ìlànà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni pé ìbọn kan ṣoṣo ni yóò wà láàrin ọmọ àti olùtọ́nà rẹ̀, olùtọ́nà náà gbọ́dọ̀ pé ọmọ ọdún 21, òun ni yóò sì gbé ìbọn nígbà tí wọ́n bá ń rìn. Ìgbà tí wọ́n bá jókòó ní ojú kan ni ọmọ tó lè gbà á. Àwọn ìdílé mìíràn ń tẹ̀ lé ìlànà yìí níbi tí òfin kò ti fi dandan lé e, nítorí pé olùtọ́nà tí ó ní ìbọn tirẹ̀ lọ́wọ́ kò lè fi gbogbo ojú sọ́ ọmọ.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ọmọ tó ọdẹ ṣe

Ọjọ́ orí nìkan kò tó láti fi pinnu. Àwọn ọmọ méjì tí wọ́n jọ pé ọmọ ọdún mẹ́wàá lè yàtọ̀ síra bí ọ̀sán àti òru. Àwọn olùkọ́ máa ń wo nǹkan wọ̀nyí:

- Ṣé ọmọ náà máa ń gbọ́ràn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀? Bí a bá ní "dúró", kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ béèrè ìdí.
- Ṣé ó lè sọ òtítọ́ nípa àṣìṣe tí ó ṣe? Ọmọ tí ń bẹ̀rù ìyà lè fi ara pamọ́ nígbà tí ọta ṣì wà nínú ìbọn.
- Ṣé ó mọ̀ pé ikú kò ní àtúnṣe, àti pé ẹran tí ó bá ṣubú kò ní dìde bí ti inú eré orí ẹ̀rọ?
- Ṣé ó lè jókòó jẹ́ẹ́ fún wákàtí kan?
- Ṣé agbára rẹ̀ tó láti gbé ìbọn náà dúró fúnra rẹ̀, kí ẹnu ìbọn má sì máa wá sílẹ̀?
- Ṣé òun fúnra rẹ̀ ni ó fẹ́ lọ, àbí bàbá rẹ̀ ni ó fẹ́ kí ó lọ?

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń fò. Ọmọ tí wọ́n fi ipá mú lọ sí ìgbẹ́ nínú òtútù lè má fẹ́ padà síbẹ̀ mọ́. Ọ̀nà tí ó rọrùn ni kí ọmọ kọ́kọ́ bá wọn lọ ní ọdún kan tàbí méjì láìní ohunkóhun lọ́wọ́ ju awò awọ̀nàjíjìn lọ. Ní àkókò náà ni yóò kọ́ bí a ti ń mọ ipasẹ̀ ẹran, ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, àti bí wọ́n ti ń pa ẹran lára lẹ́yìn tí ó bá kú.

Ohun èlò tí ó ṣáájú ìbọn

Ojú àti etí. Dókítà ojú ni ó yẹ kí ọmọ kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn èyí, awò ìdáàbòbò ojú jẹ́ dandan níbi ìdánrawò, ìbáà jẹ́ ìbọn aláfẹ́fẹ́ ni ọmọ ń lò, nítorí pé ọta rẹ̀ máa ń ta padà láti ara irin tàbí òkúta, ó sì lè fọ́ ojú. Ní ti etí, ariwo ìbọn ráífù kékeré .22 pàápàá lè tó nǹkan bí 140 dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì, ti ìbọn ńlá sì máa ń ju 150 lọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni irú ariwo bẹ́ẹ̀ lè ba etí jẹ́, etí tí ó bá sì bàjẹ́ lọ́nà yìí kì í padà bọ̀ sípò. Ìdíletí tí a ń kì bọ inú ihò etí àti ìbòrí tí ó bo gbogbo etí ni wọ́n sábà ń lò pa pọ̀ fún ọmọdé. Kí àwọn òbí rántí pé ìbòrí àgbàlagbà kì í fún mọ́ orí kékeré.

Aṣọ aláwọ̀ ọsàn. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni ó fi òfin dè é pé kí ọdẹ wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn tí ń tàn yòò ní àsìkò tí wọ́n ń fi ìbọn pa àgbọ̀nrín, kí ọdẹ mìíràn má bàa ṣì í mú fún ẹran. Ní Colorado, aṣọ náà gbọ́dọ̀ tó 500 íǹṣì níbùú lóròó lókè ìbàdí, fìlà sì gbọ́dọ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọdún 2016, Wisconsin di ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó gba àwọ̀ osùn títàn láàyè pẹ̀lú. Colorado tẹ̀ lé e ní ọdún kan náà. Àwọ̀ yìí kì í lé ẹran. Ojú ènìyàn ní oríṣi ohun mẹ́ta tí ó fi ń mọ àwọ̀, ti àgbọ̀nrín ní méjì péré, nítorí náà kò lè fi ìyàtọ̀ sí àwọ̀ ọsàn àti àwọ̀ ewé bí ènìyàn ti ń ṣe. Ohun tí ó máa ń tètè rí ni ìmìrìn. Fún ọmọdé, aṣọ gbọ́dọ̀ bá ara mu: ẹ̀wù àwọ̀lékè tí ó tóbi jù lè há mọ́ ìdí ìbọn nígbà tí ọmọ bá fẹ́ gbé e sí èjìká.

Bàtà àti aṣọ òtútù. Oṣù kọkànlá ni àsìkò àgbọ̀nrín ń lọ lọ́wọ́ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ àríwá, òtútù sì ti ń mú nígbà náà. Ara ọmọdé máa ń tètè pàdánù ooru ju ti àgbàlagbà lọ. Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn, bàtà tí omi kò lè wọ̀, ìbọ̀wọ́ tí kò dí ìka lọ́wọ́, àti aṣọ tí a lè bọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ṣe pàtàkì ju ohun ọ̀ṣọ́ èyíkéyìí tí ilé ìtajà lè fi hàn wọ́n. Àwọn òbí tí wọ́n mọ ọ̀ràn yìí máa ń gba bàtà àti aṣọ lọ́wọ́ ìdílé tí ọmọ wọn ti dàgbà, nítorí pé láàrin ọdún kan ẹsẹ̀ ọmọ yóò ti kọjá ìwọ̀n bàtà náà.

Okùn ìdáàbòbò lórí igi. Ọ̀pọ̀ ọdẹ àgbọ̀nrín ní Amẹ́ríkà ń jókòó sórí àtẹ tí wọ́n so mọ́ igi. Ṣíṣubú láti orí igi wà lára ohun tí ó ń ṣe ọdẹ léṣe jù lọ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gun un láìso okùn tí ó di gbogbo ara mú láti àkókò tí ẹsẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀, a kì í sì í gbé ìbọn gun igi: okùn ni a fi ń fà á sókè lẹ́yìn tí a bá ti yọ ọta rẹ̀. Fún ọmọdé, àgọ́ tí a pa sórí ilẹ̀ dára jù. Ó ń bo ìmìrìn rẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí àgbàlagbà jókòó tì í.

Àwọn nǹkan kéékèèké. Fèrè tí ọmọ lè fọn bí ó bá sọnù, iná ìléwọ́, omi, oúnjẹ, àti àpò ìtọ́jú ọgbẹ́ kò gbọdọ̀ wọ́n nínú àpò ọdẹ.

Ìbọn àkọ́kọ́

Ìbọn aláfẹ́fẹ́. Ó rọrùn láti fi bẹ̀rẹ̀, kò sì ní ariwo púpọ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe ohun ìṣeré. Ó lè wọ inú ara, ó lè fọ́ ojú, àwọn tí agbára wọn pọ̀ sì lè pa ènìyàn. Gbogbo òfin ààbò tí ó de ìbọn ni ó de òun náà.

Ráífù .22. Èyí tí ń gba ọta kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n sábà ń yàn fún ọmọdé. Lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá dún, ọmọ ní láti ṣí i, kí ó yọ èyí tí ó ti jó, kí ó tó fi òmíràn sí i. Èyí ń kọ́ ọmọ ní sùúrù, ó sì ń jẹ́ kí olùtọ́nà lè rí i bóyá ọta wà nínú ìbọn tàbí kò sí. Ọ̀kẹ́rẹ́ àti ehoro ni a ń fi pa. Agbára rẹ̀ kò tó ti àgbọ̀nrín. Síbẹ̀ ọta kékeré yìí lè lọ ju máìlì kan lọ bí kò bá rí ohun dá a dúró.

Ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́. Ìbọn yìí ń tu ọta kéékèèké púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, òun ni a sì fi ń pa ẹyẹ, pẹ́pẹ́yẹ àti tòlótòló ìgbẹ́. Nọ́ńbà tí a fi ń pe ìwọ̀n rẹ̀, bí 12 tàbí 20, ni iye ọta òjé roboto tí a lè rọ láti inú pọ́n-ùn òjé kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò sì bá ẹnu ìbọn náà mu. Nítorí náà, bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹnu ìbọn ń kéré sí i. Ìwọ̀n 20 ni wọ́n sábà ń yàn fún ọmọ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣígbọnlẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí a máa ra ìwọ̀n .410 nítorí pé kì í fi bẹ́ẹ̀ ta ni nípàá, ṣùgbọ́n ọta inú rẹ̀ kò pọ̀, ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n yìn dáadáa lè fi ṣe ẹran léṣe láìpa á.

Ráífù àgbọ̀nrín. Ọta .243 Winchester, tí ó jáde ní ọdún 1955, wà lára èyí tí wọ́n ń yàn jù fún ọ̀dọ́, nítorí pé ó lágbára tó láti pa àgbọ̀nrín, ìtanípàá rẹ̀ sì kéré gan-an sí ti .30-06 tí ọ̀pọ̀ bàbá ń lò.

Bí ìbọn ṣe ń bá ara mu. Gígùn tí ó wà láàrin ìdí ìbọn àti irin tí ìka ń fà ni ó ṣe pàtàkì jù. Ti àgbàlagbà sábà máa ń tó íǹṣì 13½ sí 14. Ti ọmọdé lè jẹ́ 12, tàbí kí ó kéré díẹ̀ sí i. Bí ó bá gùn jù, ọmọ yóò tẹ̀ sẹ́yìn, apá rẹ̀ yóò máa gbọ̀n, ìbọn yóò sì ta á ní ibi tí kò yẹ. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí a fún ọmọ ní ìbọn àgbàlagbà "kí ó lè dàgbà bá a". Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń ṣe ìbọn tí a lè fi igi mìíràn kún ìdí rẹ̀ bí ọmọ bá ti ń ga.

Àṣìṣe kejì ni kí a rò pé ìbọn tí ó fúyẹ́ jù ni ó dára jù. Ìbọn fúyẹ́ kò ṣòro láti gbé, ṣùgbọ́n ọta kan náà máa ń ta ni nípàá púpọ̀ nínú ìbọn fúyẹ́ ju nínú èyí tí ó wúwo lọ. Ọmọ tí ìbọn bá ti dùn léjìká lẹ́ẹ̀mejì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í di ojú kí ìbọn tó dún, àṣà náà sì ṣòro láti fi sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i ni pé wọ́n ń ra ọta tí ẹ̀tù rẹ̀ kò pọ̀, wọ́n sì ń fi rọ́bà sí ìdí ìbọn.

Ojú tí ó lágbára. Ojú kan máa ń ṣáájú èkejì lára ènìyàn. A lè mọ̀ ọ́n bí ọmọ bá fi ọwọ́ méjèèjì ṣe ihò kékeré, tí ó wo ohun kan lókèèrè láti inú rẹ̀, tí ó sì di ojú kọ̀ọ̀kan: ojú tí ó bá ṣì ń rí ohun náà ni ó lágbára. Ọmọ tí ń lo ọwọ́ ọ̀tún, tí ojú òsì rẹ̀ sì lágbára jù, yóò máa ta ẹ̀gbẹ́ láìmọ ìdí. Ó yẹ kí a mọ èyí kí a tó ra ìbọn, nítorí pé ìbọn ọlọ́wọ́ òsì yàtọ̀.

Ọta òjé. Láti ọdún 1991 ni wọn kò ti gba ọta òjé láàyè mọ́ fún pípa pẹ́pẹ́yẹ ní gbogbo Amẹ́ríkà. California fi òfin dè é fún gbogbo ọdẹ láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 2019. Òjé máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ sínú ẹran, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ọta bàbà ni àwọn ìdílé tí ń jẹ ẹran náà lè fi rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn ìdánrawò, kí ọmọ fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun.

Òfin ààbò mẹ́rin

Òfin mẹ́rin ni wọ́n fi ń kọ́ gbogbo ọdẹ, ọmọdé àti àgbà. Jeff Cooper (1920–2006), olùkọ́ ìbọn yíyìn, ni ó sọ wọ́n di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀.

1. Mú gbogbo ìbọn bí ẹni pé ọta wà nínú rẹ̀.
2. Má ṣe kọ ẹnu ìbọn sí ohun tí o kò fẹ́ pa run.
3. Má ṣe fi ìka kan irin tí a ń fà títí ojú yóò fi wà lórí ohun tí o fẹ́ ta.
4. Mọ ohun tí o fẹ́ ta, kí o sì mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi jẹ́ mẹ́rin ni pé ọ̀kan máa ń bo àṣìṣe èkejì. Bí ọmọ bá gbàgbé pé ọta wà nínú ìbọn, tí ẹnu ìbọn sì kọ sí ilẹ̀, kò sí ẹni tí yóò kú. Ohun tí ó wà lára ìbọn láti máa dènà rẹ̀ kí ó má dún kò lè rọ́pò èyíkéyìí nínú wọn, nítorí pé ẹ̀rọ ni, ẹ̀rọ a sì máa bàjẹ́.

Títọ́jú ìbọn nílé

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní oṣù kẹrin ọdún 2013, ní ìgbèríko Kentucky, ọmọkùnrin ọmọ ọdún márùn-ún kan yìnbọn pa àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méjì, nínú ilé wọn. Ráífù .22 kékeré tí wọ́n ṣe fún ọmọdé ni, ẹ̀bùn tí wọ́n fún un. Ìbọn náà wà ní igun ilé, àwọn òbí kò sì mọ̀ pé ọta kan ṣì wà nínú rẹ̀. Ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ síta fún ìgbà díẹ̀ ni. Kò sí ohun tí ó ṣe ìbọn náà: ìwọ̀n rẹ̀ bá ara ọmọ mu, ọta kan ṣoṣo ni ó ń gbà. Àgádágodo ni kò sí.

Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé bí a bá ti kọ́ ọmọ pé kí ó má fọwọ́ kan ìbọn, ó parí. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2001 dán èyí wò. Wọ́n fi àwọn ọmọkùnrin 64 tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin 8 sí 12 sínú yàrá kan ní ẹgbẹẹgbẹ́, wọ́n sì fi ìbọn ìléwọ́ tí kò lè dún pamọ́ sínú àpótí tábìlì. Ọmọ 48 ni ó rí i. Nínú wọn, 30 gbé e, 16 sì fa irin rẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n fọwọ́ kàn án sọ pé àwọn ti gba ẹ̀kọ́ ààbò ìbọn rí. Kì í ṣe pé ẹ̀kọ́ kò wúlò, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ àgádágodo.

Ìmọ̀ràn tí Ẹgbẹ́ Àwọn Dókítà Ọmọdé ti Amẹ́ríkà ń fún òbí ni pé ilé tí kò ní ìbọn ni ó dára jù fún ọmọ; bí ìbọn bá sì wà, kí wọ́n yọ ọta rẹ̀, kí wọ́n tì í pa, kí wọ́n sì ti ọta pa ní ibòmíràn. Ìwádìí kan ní ọdún 2005 fi hàn pé ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú èyí ń dín ewu kù, yálà ti àṣìṣe tàbí ti ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ pa ara rẹ̀. Ewu kejì yìí ni àwọn òbí kì í fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí ó mọ ìbọn yìn dáadáa náà lè wà nínú ìbànújẹ́. Nítorí náà, bí ọmọ bá ti dàgbà tó kò sọ pé kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Florida ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó ṣe òfin, ní ọdún 1989, tí ó ń mú àgbàlagbà tí ó fi ìbọn sílẹ̀ níbi tí ọwọ́ ọmọdé ti lè tó o. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti tẹ̀ lé e. Ní Michigan, ọmọ ọdún 15 kan fi ìbọn ìléwọ́ tí bàbá rẹ̀ rà ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn pa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Ní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ dá àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì lẹ́bi ikú àwọn ọmọ náà, wọ́n sì rán wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n. Kì í ṣe ìbọn ọdẹ, ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà kan gbogbo òbí tí ń ra ìbọn nítorí ọmọ.

Àríyànjiyàn

Àwọn tí ó fara mọ́ ọn pé kí ọmọdé máa ṣe ọdẹ sọ pé ó ń kọ́ ọmọ ní sùúrù àti ojúṣe, ó ń jẹ́ kí ó mọ ibi tí ẹran ti ń wá, owó ìwé àṣẹ ọdẹ sì wà lára ohun tí ń tọ́jú igbó àti ẹranko. Wọ́n tún sọ pé ọmọ tí ó ti mọ ìbọn pẹ̀lú àbójútó kò ní máa wá a ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn alátakò dáhùn pé ọpọlọ ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje kò tíì lágbára láti gbé irú ojúṣe bẹ́ẹ̀, pé kíkun ìbọn ní àwọ̀ mèremère ń sọ ohun ìjà di ohun ìṣeré, àti pé láti ọdún 2020 ni ìbọn ti di ohun tí ń pa àwọn ọmọ ọdún 1 sí 19 jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ìpànìyàn àti ìpara-ẹni ni ó pọ̀ jù nínú ikú wọ̀nyí, kì í ṣe ìjàǹbá ọdẹ. Ṣùgbọ́n ìbọn tí wọ́n rà fún ọdẹ kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé tí wọn kò bá ti tì í.

Ohun tí ó kan àwọn ìdílé Yorùbá

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ ọdẹ máa ń tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀, ó ń ru àpò, ó ń kọ́ ipasẹ̀ ẹran àti ewé, kí ìbọn tó kan ọwọ́ rẹ̀. Ètò yìí jọ ti olùtọ́nà ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n òfin yàtọ̀: òfin ohun ìjà ti Nàìjíríà kò fi àyè gba ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17 láti gba ìwé àṣẹ ìbọn.

Fún àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Amẹ́ríkà, ọ̀ràn náà lè kàn wọ́n bí wọn kò tilẹ̀ ní ìbọn. Ọmọ wọn lè lọ ṣeré tàbí sùn nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọdẹ. Àwọn dókítà ọmọdé níbẹ̀ ń gba òbí níyànjú pé kí wọ́n béèrè ṣáájú bóyá ìbọn wà nílé náà, àti bóyá wọ́n ti tì í pa. Lójú wa, ó lè jọ àfojúdi láti béèrè ohun tí ó wà nínú yàrá onílé. Ṣùgbọ́n bí a ti ń sọ fún onílé pé ẹ̀pà kì í bá ọmọ wa lára mu, bẹ́ẹ̀ náà ni a lè béèrè èyí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọdẹ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní bínú sí i.